Lomé tàbí Bayreuth: èwo ni kí ọmọ Àkúrẹ́ mú?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan tó ń ta ẹja gbígbẹ ní Ọjà Ọba pè mí wá sí ìsọ̀ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, ìmọ̀ èdè ló ń kọ́, Faransé ló sì gbájú mọ́. Ilé ẹ̀kọ́ ti gbé fọ́ọ̀mù méjì síwájú ọmọ náà: ọ̀kan fún Lomé ní Tógò, ọ̀kan fún Bayreuth ní Jámánì. Ọ̀kan ṣoṣo ló lè mú. Ìyá ní, "Tíṣà, ìwọ lo ti débẹ̀ rí, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé kí n fi Jámánì sílẹ̀ kí n wá mú Tógò? Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì?"

Mo jókòó lórí àpótí kékeré tó gbé fún mi, mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé, àmọ́ àwọn oníbàárà kò jẹ́ ká sinmi. Mi ò parí rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òun ni mo wá ń kọ síbí, torí kì í ṣe òun nìkan ló ń bi mí. Èmi lo sẹ̀mẹ́sítà kan ní Bayreuth, láti oṣù kẹwàá ọdún 2021 wọ ọdún tó tẹ̀ lé e. Àbúrò mi obìnrin lo oṣù mẹ́jọ ní Lomé lẹ́yìn tí mo dé. Láti ìgbà náà la ti ń jiyàn lórí ẹni tó rí ọwọ́ mú jù, nítorí náà ẹ má retí pé mi ò ní gbè sẹ́yìn ẹnì kankan.

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó ṣáájú

Pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe jápa. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ilé lọmọ náà ṣì jẹ́. Owó ilé ẹ̀kọ́ tó ń san ní Ondo tàbí ní Àkúrẹ́ ló máa san, ilé ẹ̀kọ́ tó gbà á lálejò kò ní gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí àsìkò bá pé, yóò palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, yóò padà wálé. Ẹni tó bá ní ètò mìíràn nínú, kó wá ọ̀nà tó bá ètò yẹn mu, torí àyè pàṣípààrọ̀ kì í pọ̀, ẹni tó bá gba ọ̀kan ti dínà mọ́ ẹlòmíràn.

Èèyàn kì í sì í dá kọ̀wé fún un. Ilé ẹ̀kọ́ ló ń bá ilé ẹ̀kọ́ ṣe àdéhùn. Erasmus, ètò tí àwọn ará Yúróòpù dá sílẹ̀ lọ́dún 1987, tí wọ́n ń pè ní Erasmus+ báyìí, máa ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ láti Áfíríkà náà lọ fún oṣù 2 sí 12, àmọ́ bí yunifásítì yín kò bá bá tọ̀hún tọwọ́ bọ̀wé, kò sí ohun tí ọmọ lè ṣe sí i. Ẹ kọ́kọ́ lọ béèrè ní ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nílé ẹ̀kọ́ yín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbààwẹ̀. Ẹni tó ti gboyè àkọ́kọ́ tán ló lè fọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé fún Erasmus Mundus, tí wọ́n ti ń san 1,400 yúrò lóṣù fún oyè kejì. Ìyẹn yàtọ̀ sí èyí tá à ń sọ.

Ọ̀nà àti físà

Orí ilẹ̀ ni wọ́n ń gbà dé Lomé. Láti Àkúrẹ́, ọkọ̀ á gba Ondo àti Ọ̀rẹ̀ lọ sí Èkó, láti Èkó dé Sẹ̀mẹ̀, á la Kútọnù já, á dé Hillacondji tó jẹ́ ẹnubodè Tógò. Kò sí físà. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún ọmọ Nàìjíríà láyè láti wọ Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò kó sì lo 90 ọjọ́. Ẹni tó bá máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí àwọn tó ń lo ọdún ẹ̀kọ́ kan, gbọ́dọ̀ lọ gba ìwé ìgbélùú nígbà tó bá débẹ̀. Kó mú pásípọ́ọ̀tù dání, kó mú yẹ́lò káàdì tí wọ́n ń gbà lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Kó má sì gbé pásípọ́ọ̀tù lé ọmọkùnrin kankan lọ́wọ́ tó bá sáré wá pé òun á bá a lu òǹtẹ̀ sí i. Àbúrò mi ṣe bẹ́ẹ̀, 5,000 sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná ní Tógò àti Bẹ̀nẹ̀, ló fi rà á padà.

Ti Jámánì le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìrìn àjò tó bá ti ju 90 ọjọ́ lọ, físà ńlá ni, 75 yúrò ni owó rẹ̀, Èkó lẹ sì máa lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Wọ́n á fẹ́ mọ ẹni tó máa bọ́ ọmọ. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, 992 yúrò lóṣù ni iye tí wọ́n fẹ́ rí, ìyẹn 11,904 yúrò lọ́dún. Ìwé sìkọ́láṣíìpù lè dúró fún un, àmọ́ bí sìkọ́láṣíìpù náà kò bá tó iye yẹn, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ fi ìyókù hàn. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ń kọsẹ̀ sí, torí wọ́n ti ń pín aṣọ ẹbí kí wọ́n tó ka ìwé náà dópin.

Pásípọ́ọ̀tù kò yàtọ̀ fún àwọn méjèèjì. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, 100,000 náírà ni olójú ewé 32 tó ń lo ọdún márùn-ún, 200,000 náírà ni olójú ewé 64 tó ń lo ọdún mẹ́wàá.

Owó: ibi tí Tógò ti ń tan èèyàn jẹ

Gbogbo òbí ló rò pé Lomé á rọ àpò lọ́rùn torí pé kò jìnnà. Ìyá ẹlẹ́ja náà rò bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọn kò rò ni pé sẹ́fà so mọ́ yúrò. Yúrò kan jẹ́ 655.957 sẹ́fà, bó ṣe wà lánàá ló wà lónìí. Bí náírà bá ti ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ yúrò, ó ti ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ sẹ́fà náà nìyẹn. Nígbà tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Lomé ni àbúrò mi wà. Iye náírà kan náà ni màámi fi ránṣẹ́ lóṣù karùn-ún àti lóṣù keje. Ti oṣù karùn-ún gbé e dé ìparí oṣù. Ti oṣù keje, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ṣe, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní bọ̀dá mi àtàtà.

Ọmọ tó bá lọ sí Bayreuth lábẹ́ Erasmus+ ń gba láàárín 800 sí 900 yúrò lóṣù, wọ́n sì ń fi owó ìrìnnà kún un. Owó ìlera tí òfin Jámánì fi dandan lé akẹ́kọ̀ọ́ lórí ju 100 yúrò lọ lóṣù. Èmi san 290 yúrò fún yàrá tí kò ju ìsọ̀ ẹja yẹn lọ ní ìlọ́po méjì. Ìyókù ni oúnjẹ, fóònù, ọkọ̀. Ó tó, àmọ́ kò ṣẹ́ kù. Kí òbí ṣáà di owó oṣù kan mọ́ ọmọ lára, torí kí sìkọ́láṣíìpù tó lè wọlé, ọmọ gbọ́dọ̀ ti forúkọ àdírẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ ìlú, kó sì ti ṣí àkáǹtì ní báǹkì.

Nítorí náà, bí ọmọ bá ní sìkọ́láṣíìpù Yúróòpù lọ́wọ́, tí kò sì sí sìkọ́láṣíìpù fún Lomé, Lomé ló máa ná òbí lówó jù. Ìyá yẹn la ẹnu sílẹ̀ nígbà tí mo sọ ọ́. Oníbàárà rẹ̀ náà la ẹnu sílẹ̀.

Ẹnu tó ń sọ̀rọ̀ àti ẹnu tó ń jẹun

Ọ̀dọ̀ Village du Bénin, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn àlejò ní Faransé ní Yunifásítì Lomé, ni wọ́n fi àbúrò mi sí. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà dà yín láàmú: Tógò ló wà. Yunifásítì yẹn, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1970, ni wọ́n ń pè ní Université du Bénin títí di 2001. Bàbá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ṣì gbà títí dòní pé Kútọnù lọmọ òun lọ.

Faransé ni wọ́n ń sọ ní kíláàsì, Faransé ni onílé ń sọ, Ewe ni ọjà ń sọ. Kò sí ẹni tó máa bá a sọ Gẹ̀ẹ́sì kó lè sinmi. Oṣù méjì àkọ́kọ́, ó ń sunkún. Ọjọ́ kan ló pè mí lọ́sàn-án, ohùn rẹ̀ ń dún bí ẹni tó yege ìdánwò: ó ti bá ọlọ́kadà jà lórí ṣéńjì 300 sẹ́fà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ìjà dé ìparí, Faransé ni, kò dá ọ̀rọ̀ kan rò kó tó sọ ọ́. Ọlọ́kadà náà fún un ní ṣéńjì rẹ̀. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó lè fi ìyẹn kọ́ni.

Oúnjẹ náà kò ṣe é ní àlejò. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ní kó wá jẹ fùfú, ó ti ń ronú òórùn ẹ̀gẹ́. Wọ́n ṣí àwo, iyán ni! Ohun tí àwọn ará Tógò ń pè ní foufou, iyán tiwa yìí ni, iṣu tí wọ́n gún. Adémè tí wọ́n ń sè, ewédú ni. Wọ́n sì mọ Yorùbá níbẹ̀, Anago ni wọ́n ń pè wá, àwọn oníṣòwò wa ti pẹ́ nínú ọjà wọn. Wákàtí kan ni wọ́n fi wà lẹ́yìn wa. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ó ní bí ẹni pé òun lọ sí Èkó kan tí wọ́n ti fi Faransé kùn ni.

Ní Bayreuth, èèyàn lè fi Gẹ̀ẹ́sì gbé inú ọgbà yunifásítì kó sì bọ̀ wálé láìlè ra búrẹ́dì lédè Jámánì. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlú kékeré ni, Àkúrẹ́ tóbi jù ú lọ fíìfíì. Alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo dé. Ní Bavaria, ìpínlẹ̀ tí Bayreuth wà, aago mẹ́jọ alẹ́ ni ṣọ́ọ̀bù ń tì, ọjọ́ Àìkú wọn kì í ṣí rárá, òfin ni. Gààrí Ondo tó wà nínú báàgì mi ni mo mu láàárọ̀, òun ni mo mu lọ́sàn-án, ní alẹ́ mo fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀bà láìsí ọbẹ̀. Ní oṣù kejìlá, aago kan náà ni Àkúrẹ́ àti Bayreuth ń lò, àmọ́ kó tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti ṣú dùdù lọ́hùn-ún. Ẹni tó máa lọ ní sẹ̀mẹ́sítà oṣù kẹwàá, kó mọ̀ pé òkùnkùn yẹn ń muni láyà ju òtútù lọ. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹrin dára fún ara.

Bí ẹ bá ń di ẹrù fún ọmọ: pọ̀nmọ́, ẹran gbígbẹ, wàrà, kò sí èyí tí wọ́n á jẹ́ kó wọlé sí Yúróòpù láti ìta. Ẹja gbígbẹ ń wọlé, kó ṣáà má ju 20 kìlò lọ. Ìyá ẹlẹ́ja pàtẹ́wọ́ síyẹn.

Àpótí lẹ́tà náà kọ́ mi lọ́gbọ́n. Níbí, bí mo bá ní kẹ́ ẹ wá kí mi, mo lè ní kẹ́ ẹ bọ́ọ́lẹ̀ ní Road Block kẹ́ ẹ béèrè ilé Tíṣà. Ní Jámánì, orúkọ tó wà lára àpótí lẹ́tà ni ilé èèyàn. Mi ò lẹ orúkọ mi mọ́ ọn. Káàdì báǹkì dé, kò rí mi, ó padà síbi tó ti wá. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń jẹ sípàgẹ́tì, ẹ̀bi mi sì ni.

Àmọ́ ohun kan wà tí Lomé kò lè fún mi. Ní ìgboro Bayreuth, ilé iṣẹ́ ọnà Áfíríkà kan wà tí wọ́n kọ Iwalewahaus sí lára. Wọn kò fi àmì sí i, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá kan ò ní béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ulli Beier ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1981, ọmọ Jámánì tó wá sí Ìbàdàn lọ́dún 1950, tó sì gbé Òṣogbo fún ọdún púpọ̀. Mo dúró níwájú àwọn iṣẹ́ ọnà Òṣogbo tí mi ò rí rí ní Òṣogbo fúnra rẹ̀, ọmọ Jámánì kan ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé Ọ̀ṣun fún mi. Inú mi dùn, inú sì ń bí mi. Ẹni tó bá ń kọ́ ìmọ̀ èdè Yorùbá, ìtàn tàbí iṣẹ́ ọnà, ibẹ̀ ni kó lọ, kó má wo ẹ̀yìn.

Máàkì, ibi tí mo ti fara gbọgbẹ́

Èyí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ kà dáadáa, torí kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún mi.

Nílé, 5 ló wà lókè pátápátá. Ẹni tó bá ní 4.50 sókè, first class ni. Ní Jámánì, 1.0 ló dára jù, 4.0 ni ìsàlẹ̀ tó yege, 5.0 ni ẹni tó fìdí rẹmi. Ní Lomé, bíi ti Faransé, 20 ni wọ́n fi ń ṣe é, 10 ló yege, ẹni tó bá gba 16 lè máa fò. Ọmọ tó bá gbé máàkì Jámánì wálé láìsí àlàyé ti gbé ẹjọ́ wálé.

Mo mú 1.7 dé. Ọ̀gá tó gba ìwé náà ní ẹ̀ka wa wò mí lókè awò ojú rẹ̀. "Ìwọ tó o ní 4.2 kó o tó lọ, 1.7 lo gbà bọ̀? Kí lò ń ṣe lọ́hùn-ún?" Mo fi ẹ̀rín bò ó. Ìṣirò kan wà tí wọ́n fi ń yí máàkì padà, ti Bavaria ni wọ́n sì ń pè é. Ẹ yọ máàkì nílé kúrò nínú èyí tó ga jù, 5 yọ 4.2, ó ku 0.8. Ẹ pín in sí àlàfo tó wà láàárín èyí tó ga jù àti ìsàlẹ̀ tó yege. Bí 1.00 bá ni ìsàlẹ̀, àlàfo náà jẹ́ 4, ìdáhùn jẹ́ 0.2. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, ẹ fi 1 kún un: 1.6. Ọmọ ìyá ni 4.2 àti 1.7. Mo ṣe ìṣirò náà síwájú rẹ̀ lórí ẹ̀yìn ìwé. Ó ní kí n lọ tẹ̀ ẹ́ wá pẹ̀lú ìbuwọ́lù.

Ìyẹn kéré. Kí n tó lọ, mo kọ kọ́ọ̀sì márùn-ún sínú ìwé àdéhùn ẹ̀kọ́. Ẹni mẹ́ta ló ń buwọ́ lù ú: akẹ́kọ̀ọ́, ilé ẹ̀kọ́ ilé àti ilé ẹ̀kọ́ tó gbà á lálejò. Nígbà tí mo débẹ̀, mo rí i pé àkókò méjì nínú wọn forí gbárí, mo bá fi kọ́ọ̀sì méjì mìíràn rọ́pò. Àwọn tọ̀hún fọwọ́ sí i. Èmi kò fi ránṣẹ́ sílé fún ìbuwọ́lù, mo ní nígbà tí mo bá dé. Nígbà tí mo máa fi dé, ASUU ti bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2022, kò sì tán títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ, ìwé mi wà nínú fáìlì, kò sẹ́ni tó ṣí i. Nígbà tí wọ́n ṣí i, wọ́n ní kọ́ọ̀sì méjì yẹn kò sí nínú àdéhùn. Yúníìtì mẹ́fà lọ bẹ́ẹ̀. Mo tún un ṣe nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn mi ní kíláàsì kan.

Ti àbúrò mi? Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ kó lọ lẹ́ẹ̀kan náà, kọ́ọ̀sì kan náà ni gbogbo wọn ṣe, lẹ́tà kan ṣoṣo ló gbé máàkì wọn wálé. Kò pàdánù yúníìtì kan. Lórí èyí, Lomé jù mí ṣánlẹ̀, mo gbà.

Bí ọmọ bá máa lọ sí Bayreuth dandan, kó má wọ bàálù láìní ìwé tó ní ìbuwọ́lù mẹ́ta. Kó gba àlàyé kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú iye wákàtí rẹ̀, torí 30 ECTS, ìyẹn yúníìtì àwọn ará Yúróòpù, ni sẹ̀mẹ́sítà kan, yúníìtì kan níbẹ̀ sì jẹ́ iṣẹ́ wákàtí 25 sí 30, kò bá yúníìtì tiwa dọ́gba. Kó gba ìwé tó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ka máàkì. Bó bá yí kọ́ọ̀sì padà, kó fi ránṣẹ́ sílé lọ́jọ́ náà, kó sì ya fọ́tò ohun gbogbo tó bá ní ìbuwọ́lù.

Àgbádárìgì ńkọ́?

Ẹnìkan máa béèrè. Abúlé Faransé tó wà ní Àgbádárìgì, ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Faransé ti ń kọ́ èdè náà láìkúrò ní Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1991, lẹ́yìn tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, ti sọ ọdún tí wọ́n máa ń lò nílùú òkèèrè di ohun tí apá ìjọba àti òbí kò ká mọ́. Bí Lomé àti Bayreuth bá ju agbára yín lọ, kò sí ìtìjú níbẹ̀, máàkì rẹ̀ kò sì ń sọnù. Àmọ́ ọmọ Nàìjíríà ló pọ̀ nínú ọgbà, bí olùkọ́ bá ti kẹ́yìn sí wọn, Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá á ti bẹ̀rẹ̀.

Èyí tí mo ní kí ọmọ náà mú

Lomé. Faransé ló ń kọ́. Bayreuth á fún un ní jákẹ́ẹ̀tì tó dáa àti ìwé púpọ̀, àmọ́ Faransé rẹ̀ á wálé bó ṣe lọ. Ó fẹ́ ẹnu, Lomé ló ní ẹnu. Ká ní Lìǹgúísítíìkì àti Yorùbá ló ń kọ́ bíi tèmi, tàbí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tó nílò ilé àyẹ̀wò, mo máa ní kó mú Bayreuth, bí yúníìtì mẹ́fà tilẹ̀ máa lọ. Ìyá bínú díẹ̀. Ó ní owó tí mo sọ pé Lomé máa ná òun ńkọ́? Mo ní kó lọ béèrè nílé ẹ̀kọ́ bóyá wọ́n ní ìrànlọ́wọ́ kankan fún ẹgbẹ́ tó ń lọ. Ó ní ọmọ náà ti béèrè, wọ́n ní HOD, olórí ẹ̀ka wọn, ló mọ̀. Ọjọ́ Ajé ló lọ, HOD kò sí lórí ìjókòó. Ọjọ́rú ló tún ń lọ, ìyá sì ti di ẹja panla mẹ́rin sínú ọ̀rá fún un kó mú dání.